Odò Ọ̀ṣun àti Odò Ganges: Ìfọkànsìn àti Ìfẹ́ Ìtúsílẹ̀ nínú Ewì Ìsìn

Nígbà tí oṣù kẹjọ ọdún bá dé, tí ọjọ́ Ọ̀ṣun bá pé, ojú ọ̀nà Òṣogbo a kún. Àwọn kan ń jáde láti Dàda Estate, àwọn mìíràn ń bọ̀ láti Ọjà Ọba. Kẹ́ẹ̀gì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìgò ni ẹlòmíràn mú dání, omi ni wọ́n sì ń lọ bù. Bí a bá bi obìnrin tí ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi Ọ̀ṣun bọ̀ pé kí ni ó fẹ́ fi ṣe, ìdáhùn rẹ̀ kì í gùn: ọmọ ni, tàbí àlàáfíà ọmọ tí ó ti wà nílẹ̀. Ní ìlú Varanasi ní ilẹ̀ Íńdíà, èyí tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù tún ń pè ní Kashi, àwọn arúgbó a máa ti ọ̀nà jíjìn wá sí etí odò Ganges kí wọ́n lè kú síbẹ̀. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ẹni tí ó bá kú ní ìlú náà, tí a sì da eérú òkú rẹ̀ sínú odò, ti bọ́ lọ́wọ́ àtúnwá. Odò méjì nìyí. Obìnrin ni a ka àwọn méjèèjì sí, ìyá ni a sì ń pè wọ́n. Ọ̀kan ni a ń bẹ̀ pé kí ó ṣí ilẹ̀kùn ayé fún ẹni tí kò tíì dé. Èkejì ni a ń bẹ̀ pé kí ó ti ilẹ̀kùn náà mọ́ ẹ̀yìn ẹni tí ó ń lọ.

Òótọ́ ni pé kì í ṣe ikú nìkan ni ó ń gbé ènìyàn dé etí Ganges. Àwọn tí ń tọrọ ọmọ àti ìlera wà níbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n sì ń bu omi rẹ̀ lọ sílé gẹ́gẹ́ bí ará Òṣogbo ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó wà nínú ohun tí odò kọ̀ọ̀kan dúró fún jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe àtúpalẹ̀ ewì ìsìn Yorùbá dúró rò ó. Ìdí ni pé gbólóhùn kan wà tí ó ti di àkọ́sórí fún àwọn tí ń múra ìdánwò: pé ewì òrìṣà kò ju káràkátà lọ, pé Yorùbá kì í fẹ́ràn òrìṣà, ohun tí òrìṣà lè ṣe fún un ni ó ń fẹ́. Àwọn olùkọ́ kan náà ń kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé oríkì Ọ̀ṣun kò yàtọ̀ sí ìpolówó ọjà, àti pé kò yẹ kí a máa kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ewì ìsìn rárá. Ọ̀nà kan tí a lè gbà dán gbólóhùn yìí wò ni kí a gbé ewì Ọ̀ṣun sí ẹ̀gbẹ́ ewì àwọn ènìyàn tí gbogbo ayé gbà pé wọ́n fi ìfẹ́ sin ọlọ́run wọn.

Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù gbà pé ẹ̀mí kì í kú; ara ni ó ń bàjẹ́, ẹ̀mí a sì tún lọ bá ara mìíràn. Ìyípo yìí ni wọ́n ń pè ní samsara. Ìwà tí ènìyàn hù, èyí tí wọ́n ń pè ní karma, ni ó ń pinnu irú ayé tí yóò tún wá. Bíbọ́ kúrò nínú ìyípo náà pátápátá ni moksha. Bhagavad Gita, tí ó jẹ́ apá kan nínú ìtàn gígùn Mahabharata, tí ó sì ní orí 18 àti ẹsẹ bí 700, sọ ọ̀nà tí ó lọ síbẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí Krishna bá Arjuna sọ ní pápá ogun Kurukshetra: iṣẹ́ tí a ṣe láìwo èrè, ìmọ̀, àti bhakti. Bhakti yìí ni ìfọkànsìn, ṣùgbọ́n ìfọkànsìn tí ìfẹ́ ju ìbẹ̀rù lọ nínú rẹ̀. Olùfọkànsìn lè rí ara rẹ̀ bí ìránṣẹ́ ọlọ́run, bí ọ̀rẹ́ rẹ̀, bí òbí tí ń tọ́ ọ bí ọmọdé, tàbí bí ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ rìnrìn àjò.

Níbí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọsẹ̀. Wọ́n a sáré kọ ọ́ pé karma ni Yorùbá ń pè ní àyànmọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó lọ yan orí ní ilé Àjàlá kò mọ èyí tí ó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára, orí burúkú tí ó bá gbé kì í sì í ṣe èrè ìwà tí ó hù ní ayé kan tẹ́lẹ̀. Karma jẹ́ gbèsè tí ẹni tí ó jẹ ẹ́ ń san. Àyànmọ́ jẹ́ ọjà tí a rà nínú òkùnkùn. Ẹni tí ó jẹ gbèsè ń wá ọjọ́ tí yóò san án tán. Ẹni tí ó ra ọjà nínú òkùnkùn ń wá ẹni tí yóò bá a tún un ṣe, ìdí sì nìyí tí ó fi ń bọrí, tí ó ń difá, tí ó sì ń lọ bá Ọ̀ṣun.

Kí a má ṣe sẹ́ ohun tí àwọn alátakò rí. Àdéhùn ni ìsìn Ọ̀ṣun ní Òṣogbo fi bẹ̀rẹ̀. Ìtàn sọ pé Láròóyè àti Olútìmẹ́yìn ọdẹ kó àwọn ènìyàn wọn kúrò ní Ìpólé nítorí ọ̀dá omi, wọ́n dé etí odò, wọ́n gé igi, igi wó lulẹ̀ sínú omi, ohùn kan sì ké láti inú odò pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Láti inú ẹ̀ṣẹ̀ àìmọ̀ yẹn ni ìmùlẹ̀ ti jáde: wọn yóò máa bọ ọ́, òun yóò sì máa dáàbò bò wọ́n. Orúkọ oyè Àtáọ́ja pàápàá, èyí tí wọ́n túmọ̀ sí ẹni tí ó tẹ́ ọwọ́ gba ẹja, ń rántí ọjọ́ tí ọba na ọwọ́ sí odò tí odò sì fi nǹkan sí i. Ní ọdún 1981, Karin Barber, ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí oríkì ní Òkukù, kọ àpilẹ̀kọ kan tí ó fi hàn pé òrìṣà Yorùbá nílò ènìyàn bí ènìyàn ti nílò rẹ̀. Òrìṣà tí kò bá ní olùsìn mọ́, òkìkí rẹ̀ a rọ̀. Àwọn àgbà ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀ pé bí ènìyàn kò sí, imọlẹ̀ kò sí. Wọ́n sì tún sọ èyí tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé bí òrìṣà kò bá lè gbe ni, kí ó ṣe ni bí ó ti bá ni. Olùfọkànsìn Híńdù kan lè gbọ́ èyí kí ó di etí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òwe kì í ṣe ewì, àlàyé ìtàn kì í sì í ṣe oríkì. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà lọ́kàn olùsìn Ọ̀ṣun, ewì náà fúnra rẹ̀ ni kí ó tẹ́tí sí, kí ó sì kíyè sí ibi tí ìbéèrè ti wọlé sí i. Kì í tètè wọlé. Ìyá olóríṣà tí ń ké oríkì Ọ̀ṣun a kọ́kọ́ júbà. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í to orúkọ lé orúkọ: idẹ rẹ̀, òòyà rẹ̀, omi tútù rẹ̀, ọ̀nà tí ó gbà rìn, ìlú tí ó ti là kọjá, bí ó ti ń ṣe ẹ̀rọ̀ àti bí ó ti ń ṣe ìbínú. Orúkọ kan a padà wá lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, láìsí pé ó mú ìròyìn tuntun wá. Àwọn tí ń tú ewì palẹ̀ a kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwítúnwí ni, fún ìtẹnumọ́, wọn a sì kọjá lọ. Ìtẹnumọ́ wo? Ta ni ó ń ṣiyèméjì tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn fún un? Bí ènìyàn bá ń dárúkọ ẹni tí ó fẹ́ràn ní àdátúndá, kì í ṣe pé ó fẹ́ fi nǹkan yé ẹnìkan. Ó ń gbádùn orúkọ náà lẹ́nu ni. Àwọn ẹlẹ́sìn Krishna sọ irú èyí di olórí ìsìn wọn: pípe orúkọ ọlọ́run léraléra, pẹ̀lú ìlù àti agogo, títí ara yóò fi gbọ̀n. Bí a bá gbà pé ìfẹ́ ni ó wà nídìí tiwọn, kò sí ìdí tí a fi níláti pe ti Òṣogbo ní ọgbọ́n ìtajà.

Nǹkan kejì tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi etí sí ni arọ́pò-orúkọ. Nínú oríkì òrìṣà, ẹni tí ń ké e lè máa sọ̀rọ̀ nípa òrìṣà bí ẹni tí kò sí níbẹ̀, pé ó ṣe báyìí, ó lọ sí ibí yìí. Lójijì, láìsí ìkìlọ̀, ọ̀rọ̀ a yí padà, ó di ìwọ. Ẹni tí a ń ròyìn rẹ̀ ti dé. Ìyípadà kékeré yìí, tí àwọn kan tilẹ̀ ń kà sí àṣìṣe gírámà, ni ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ewì náà, nítorí pé níbẹ̀ ni ìròyìn ti di ìpàdé. Lẹ́yìn ìpàdé yìí ni ìwúre sábà máa ń bọ́ sí. Ọmọ kì í ti ẹnu ọ̀nà béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá tí kò tíì rí.

Ìyàtọ̀ wà, ó sì ń kọ́ni lọ́gbọ́n. Kabir, tí í ṣe ahunṣọ ní Varanasi ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, àti Mirabai, ọmọ ọba Rajput tí a bí ní nǹkan bí ọdún 1498, a máa fi orúkọ ara wọn sí ìparí orin wọn bí èdìdì. Akéwì Yorùbá a sábà fi tirẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀, nínú ìjúbà, kì í sì í dá a dárúkọ: bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀, ẹni tí ó kọ́ ọ ní ẹnu, gbogbo wọn ni ó ń kó wọlé. Mirabai dá nìkan dúró níwájú Krishna. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ó kọ̀ láti jẹ́ ìyàwó fún ẹlòmíràn nínú ọkàn rẹ̀, àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ bínú, wọ́n fi májèlé ránṣẹ́ sí i, kò sì pa á. Ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú, ìyàwó òrìṣà ni orúkọ ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ olórìṣà, ìbáà jẹ́ ọkùnrin. Ẹlẹ́gùn Ṣàngó a dirun bí obìnrin, a sì wọ yẹ̀rì. Ọ̀rọ̀ náà bá ẹrú rìn dé Brazil, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní, gẹ́gẹ́ bí orúkọ Ìjẹ̀ṣà ti wà lára ìlù tí wọ́n fi ń kí Ọ̀ṣun lọ́hùn-ún. Ènìyàn tí ó bá gbà láti máa jẹ́ ìyàwó kò sọ pé òun wá rajà. Ṣùgbọ́n ìyàwó òrìṣà kì í fi ilé sílẹ̀ bíi ti Mirabai. Ilé náà ni ó ń bá a ṣe é, ìyàwó ilé sì ni.

Ọ̀rọ̀ àtúnwá ni ó wá le jù. Nígbà tí Yorùbá bá sọ ọmọ ní Babátúndé tàbí Yétúndé, ayọ̀ ni. Baba tí ó lọ ti padà sáàárín àwọn tirẹ̀. Ilé kò tíì tú. Ohun kan náà yìí, tí í ṣe pípadà wá, ni ẹlẹ́sìn Híńdù ń gbàdúrà pé kí ó dẹ́kun. Ó dàbí ẹni pé àwọn méjèèjì kò lè gbọ́ ara wọn yé láéláé. Ṣùgbọ́n Yorùbá mọ irú àtúnwá kan tí kò ní ayọ̀ nínú. Àbíkú ni. Ọmọ tí ń wá tí ń lọ, tí ń tún wá, tí a ń sọ ní Málọmọ́, Bánjókòó, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́: orúkọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹ̀bẹ̀ tí a ké kúrú. J. P. Clark àti Wọlé Ṣóyínká kọ ewì lórí rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, àkọlé kan náà ni àwọn méjèèjì sì fún un. Ti Clark ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jókòó, ti Ṣóyínká jẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ fọ́nnu. Bí a bá fẹ́ kí ọmọ ilé-ìwé kan ní Òṣogbo lóye ohun tí samsara jẹ́, kí a má ṣe fi ọ̀rọ̀ ńláńlá dà á láàmú. Kí a sọ fún un pé lójú Híńdù, àbíkú ni gbogbo wa. Ojoojúmọ́ ni a ń dé, ojoojúmọ́ ni a ń lọ, kò sì sí ẹni tí ó tíì fi ìdí mọ́lẹ̀.

Ibi tí ọ̀nà ti pínyà ni ìwòsàn tí oníkálukú ń wá. Yorùbá ń bẹ àbíkú pé kí ó dúró ní ayé. Híńdù ń bẹ ọlọ́run pé kí òun lè dúró sí ibi tí ayé kò sí. Kí a fi àìkú parí ìwà ni àdúrà Yorùbá. Àìkú tí ibẹ̀ ń sọ kì í ṣe ti ẹni tí ó sá fún ayé. Ti ẹni tí ó gbó, tí ó tọ́, tí ọmọ gbẹ̀yìn rẹ̀ ni. Òótọ́ ni pé a gbà pé ayé lọjà, ọ̀run nilé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tètè kúrò lọ́jà láìtajà, kò sí ẹni tí ń kí i kú oríire.

Àwọn ìwé ìtàn àròsọ wa ń jẹ́rìí sí èyí. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà kọ ní ọdún 1938, ọba ni ó rán àwọn ọdẹ lọ sí Òkè Láńgbòdó. Nínú Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje, tí ó jáde ní ọdún 1954, Òkè Ìrònú ni wọ́n lọ. Orúkọ òkè kejì yìí tó láti mú kí ènìyàn rò pé àwọn arìnrìn-àjò náà yóò jókòó síbẹ̀ kí wọ́n sì gbàgbé ilé. Wọn kò jókòó. Wọ́n gba ọgbọ́n, wọ́n sì gbé e bọ̀ wálé, nítorí pé ìlú ni ó rán wọn níṣẹ́. Ẹni tí ó fi ayé sílẹ̀ tí kò padà kò tíì di akọni lójú Fágúnwà. Ní Íńdíà, akọni ni. Ó sì ti di akọni ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú: ní ìlú Accra, ní ọdún 1975, ọmọ ilẹ̀ Gánà kan, Kwesi Essel, di Swami Ghanananda Saraswati, ó sì dá ilé àwọn olùfarajìn Híńdù sílẹ̀, ó wà nídìí rẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 2016.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá dúró níhìn-ín ti fi ìdajì ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Láàárín àwọn olùfọkànsìn Híńdù gan-an ni a ti rí àwọn tí wọ́n ka ìtúsílẹ̀ sí ohun kékeré. Chaitanya, tí a bí ní Bengal ní ọdún 1486, tí ó sì kú ní ọdún 1534, kọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ pé ẹni tí ó fẹ́ràn Krishna ní tòótọ́ kò ní tọrọ owó, kò sì ní tọrọ moksha pàápàá. Ohun tí yóò tọrọ ni pé bí ó ti wù kí òun padà wá sí ayé tó, kí ìfẹ́ náà má ṣe kúrò lọ́kàn òun. Wọ́n sì ń sọ nípa Kabir pé nígbà tí ikú rẹ̀ sún mọ́lé, ó kúrò ní Kashi tí gbogbo ènìyàn ń sá wá kú sí, ó lọ sí Maghar, ìlú tí wọ́n ń sọ pé ẹni tí ó bá kú síbẹ̀ yóò tún ayé wá ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Kò fẹ́ kí odò gba ìyìn iṣẹ́ tí ọlọ́run ṣe. Àwọn wọ̀nyí ti rí i pé ìtúsílẹ̀ náà lè di ọjà, pé ẹni tí ń sin ọlọ́run kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ ayé kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ẹni tí ń sìn ín kí ó lè bímọ. Ẹ̀sùn káràkátà tí a fi kan ewì Ọ̀ṣun kò mọ sí Òṣogbo.

Àṣìṣe kejì wà, èyí tí àwọn tí ó fẹ́ràn òrìṣà ń ṣe. Wọ́n fẹ́ gbé ewì wa ga, wọ́n wá ń wá moksha sínú rẹ̀. Susanne Wenger, tí a bí ní Graz ní ilẹ̀ Austria ní ọdún 1915, tí Òṣogbo mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, dé Nàìjíríà ní ọdún 1950. Ó sì kú ní Òṣogbo ní ọjọ́ 12 oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2009. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bí Adébísí Àkànjí àti Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí ni wọ́n tún ojúbọ igbó Ọ̀ṣun kọ́. Igbó náà tó hẹ́kítà 75, ojúbọ 40 ni ó wà nínú rẹ̀, àjọ UNESCO sì kà á mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Ìfọkànsìn rẹ̀ kò ní àríyànjiyàn. Ẹni tí ó bá wo àwọn ère amọ̀ àti símẹ́ǹtì wọ̀nyẹn yóò rí i. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí òun àti Gert Chesi gbé jáde ní ọdún 1983, ìyípadà inú ẹnìkọ̀ọ̀kan ni ó sábà ń fi ṣàlàyé òrìṣà, àti ìrìn àjò ẹ̀mí tí ó dá rìn. Ohùn tí ń bẹ nínú oríkì kò dún bẹ́ẹ̀. Oríkì kún fún ọmọ, fún ọkọ, fún orogún, fún ìlú. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ súnmọ́ Òṣogbo ju àlàyé rẹ̀ lọ.

Eré Dúró Ládiípọ̀, Ọba Kò So, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Òṣogbo ní ọdún 1963, fi ohun tí ìfọkànsìn Yorùbá lè ṣe hàn ju ìwé àlàyé lọ. Ṣàngó pàdánù gbogbo nǹkan. Àwọn ará ìlú kẹ̀yìn sí i. Kò ní nǹkan kan tí ó lè fún ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ìsìn bá jẹ́ káràkátà, ibẹ̀ ni ìsìn Ṣàngó ì bá ti parí. Ibẹ̀ gan-an ni ó ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn tirẹ̀ kọ̀ jálẹ̀ pé ọba kò so. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá bi ní ìbéèrè lórí eré yìí, tí ó sì dáhùn pé irọ́ ni wọ́n pa láti bo ìtìjú, ti rí ìtìjú náà, kò rí ìfẹ́ tí ó bò ó.

Ní ọjọ́ Ọ̀ṣun kan náà, bí arugbá bá ti jáde láti ààfin, tí ó ń lọ sí odò, igbe ìwúre a gba ojú ọ̀nà. Ẹni tí ń wá ọmọ ń ké, ẹni tí ń wá iṣẹ́ ń ké, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá ń ké, oníkálukú sì ń fi ọwọ́ ra orí ara rẹ̀ kí ó sì ju ohun burúkú náà sí ọ̀nà igbá. Wúńdíá náà kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Kò gbọdọ̀ kọsẹ̀. Igbá wà ní orí rẹ̀, aṣọ bò ó, ó sì ń bá ọ̀nà odò lọ.